Bí Mo Ṣe Ṣi Kangaroo Kà

Ní ọjọ́ tí wọ́n dá iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi padà, orí àtẹ̀gùn ilé ìkàwé ni mo jókòó sí títí ilẹ̀ fi ṣú. Lẹ́tà àwọn olùyẹ̀wò gùn tó ojú ewé mẹ́fà, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan ṣoṣo ni mò ń kà lákàtúnkà. Wọ́n ní ohun tí ẹ̀rù fi han ẹ̀dá ìtàn kan ni mo gbà, tí mo sọ di ìmọ̀ nípa ilẹ̀ onílẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ṣe iṣẹ́ náà. Mo bínú sí wọn fún bí oṣù kan gbáko kí ojú tó wá tì mí.

Ìwé tí mo kọ iṣẹ́ náà lé lórí ni Kangaroo, ìtàn àròsọ tí D. H. Lawrence, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé jáde ní 1923. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nǹkan nípa ìjọba amúnisìn, ojú ilẹ̀ àti aṣáájú òṣèlú nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mò ń kọ èyí fún, kí ó má baà jẹ irú ìyà tí mo jẹ.

Ìtàn náà kò le láti sọ. Richard Lovat Somers, òǹkọ̀wé tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, àti Harriett ìyàwó rẹ̀ dé Sydney ní Ọsirélíà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní. Jack Callcott, aládùúgbò wọn tó ti ojú ogun bọ̀, fà á mọ́ ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ kan tó jẹ́ ti àwọn jagunjagun tó ti fẹ̀yìn tì. Agbẹjọ́rò kan ni olórí wọn, Benjamin Cooley ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Kangaroo ni gbogbo ayé ń pè é. Ó fẹ́ gba ìjọba, kí ó sì máa ṣe bàbá fún gbogbo ìlú. Ní ìhà kejì, Willie Struthers ń darí àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn méjèèjì ń fẹ́ Somers àti kálámù rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni nínú wọn lọ. Ó wọkọ̀ ojú omi, ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀.

Lawrence fúnra rẹ̀ gúnlẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà pẹ̀lú Frieda ìyàwó rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 1922. Wọ́n lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì lágbègbè Perth, wọ́n bọ́ sí Sydney, wọ́n sì rẹ́ǹtì ilé kan tó ń jẹ́ Wyewurk ní Thirroul, ìlú kékeré kan létí òkun ní gúúsù Sydney, níbi tí wọ́n ti ń wa èédú. Ibẹ̀ ló ti kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tó fi di oṣù Kẹjọ, wọ́n ti gba ojú òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Oṣù mẹ́ta àti ọjọ́ díẹ̀ péré ni gbogbo rẹ̀. Ó yẹ kí n kọ iye ọjọ́ yẹn sára ògiri yàrá mi láti ọjọ́ kìíní. Àlejò ni ẹni tó kọ ọ́, àlejò ni ẹni tó ń rìn nínú rẹ̀, àlejò sì lójú, kò fi ríran. Mo mọ òwe yìí láti kékeré. Mi ò rántí rẹ̀ nígbà tí mo nílò rẹ̀.

Bí mo ṣe pín iṣẹ́ náà ni àṣìṣe àkọ́kọ́, òun ló sì bí àwọn yòókù. Mo ya orí kan sọ́tọ̀ fún ìjọba amúnisìn, orí kan fún ojú ilẹ̀, orí kan fún aṣáájú òṣèlú, bí ẹni tó kó ẹrù sí yàrá mẹ́ta tó sì ti ilẹ̀kùn wọn. Alábòójútó iṣẹ́ mi bi mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Èsì tí mo fọ̀ ni pé ìwé kan náà ni wọ́n ti jáde. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kí n padà lọ rò ó. Mi ò padà lọ rò ó. Mò ń sáré, ọjọ́ ń lọ, mo sì ti jẹ gbèsè owó ilé ẹ̀kọ́.

Orí ojú ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ kọ, nítorí òun ló wù mí jù. Nínú orí kìíní ìwé náà, Somers rántí alẹ́ kan tó dá rìn wọ inú igbó ní ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà. Òṣùpá ràn kedere. Àwọn igi tó ti kú dúró ní ìhòòhò, wọ́n funfun bí òkú. Iná igbó ti jó àwọn mìíràn dúdú. Ohun kan kò mira. Orí rẹ̀ bá wú. Ó ní nǹkan kan wà nínú igbó náà tó ń ṣọ́ òun, tó ń tẹ̀lé òun lẹ́yìn, tó lè na apá dúdú gígùn kan jáde kí ó gbá òun mú, ṣùgbọ́n tó fẹ́ ní sùúrù ná.

Mo kọ ogójì ojú ewé lórí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní ilẹ̀ Ọsirélíà ṣófo. Mo ní ó ti gbó ju ọmọ ènìyàn lọ, àti pé kò gba àwọn tó wá tẹ̀dó sórí rẹ̀. Mo kọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tó ti débẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Gbogbo ohun tí mo mọ̀, ẹnu ọkùnrin kan tó ń sá padà sílé nínú òṣùpá ni mo ti gbọ́ ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jẹ́ awọnlẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń ka orí náà fún wọn, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á lọ. Níbi tí mo ti sọ pé igbó náà ṣófo, wọ́n dá mi dúró.

“Igbó ta ni?”

Mo ní, “Bọ̀ọ̀dá, ìtàn ni. Kò sí ẹni tó ni ín nínú ìtàn náà.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè ìtàn. Ilẹ̀ tí ọkùnrin yẹn ń rìn lórí ẹ̀, ta ló ni ín? Mi ò tíì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sórí ilẹ̀ kan rí, kí ẹnì kan má jáde wá bi mí pé ta ló rán mi wá.”

Mo ní ẹ jẹ́ ká máa lọ ná. Mo ṣí ojú ewé tó kàn. Ó lé ní ọdún kan kí lẹ́tà olójú ewé mẹ́fà tó dé, ìbéèrè ẹ̀gbọ́n mi náà ló sì wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá tí mo fi túmọ̀ igbó náà fún wọn gan-an ti tó láti là mí lójú. Aginjù ni mo kọ́kọ́ pè é. Lẹ́yìn náà ni mo sọ pé ẹgàn. Ẹgàn kẹ̀, igbó tí àdá kò kàn rí! Igi inú igbó náà kò sún mọ́ra bíi ti ẹgàn, òṣùpá ń tàn dé ilẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá tilẹ̀ wo bí Lawrence ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ dáadáa, ọ̀dàn ni ǹ bá pè é. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani. Nípa bẹ́ẹ̀, mo ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan, nínú èdè tèmi, láì sí òyìnbó kankan níbẹ̀.

Ẹni tó ni ín kò ṣòro láti mọ̀. Agbègbè Perth jẹ́ ilẹ̀ àwọn Noongar. Ọdún 1829 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìletò amúnisìn sílẹ̀ létí odò Swan níbẹ̀. Thirroul jẹ́ ilẹ̀ àwọn Dharawal. Àwọn onílẹ̀ wọ̀nyí àti àwọn ẹ̀yà yòókù ti ń gbé ilẹ̀ náà fún ohun tó ju 40,000 ọdún lọ. Wọ́n ń fi iná tọ́jú rẹ̀, wọ́n ń sun ún díẹ̀díẹ̀ ní àsìkò tó yẹ kí koríko tuntun lè hù kí ẹran sì lè jẹ. Igbó tí mo ní ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò kàn, ọwọ́ ti ń kàn án látìgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè rántí.

Nígbà tí Arthur Phillip kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n dé Sydney ní oṣù Kìíní 1788, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ tí kò ní olówó ni wọ́n bá. Òfin ilẹ̀ náà dúró lórí irọ́ yẹn títí di ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1992, nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Ọsirélíà dá ẹjọ́ ilẹ̀ tí Eddie Mabo àti àwọn ará erékùṣù Mer pè, tí wọ́n sì kọ irọ́ náà sílẹ̀. Mabo kò gbọ́ ìdájọ́ náà. Oṣù Kìíní ọdún yẹn ló ti kú. Mo sunkún nígbà tí mo ka ìyẹn, mi ò sì lè sọ bóyá ọkùnrin náà ni mò ń sunkún fún tàbí ogójì ojú ewé mi.

Ohun tó wá yé mi ni pé nígbà tí Somers wo igbó tó sì rí i pé ó ṣófo, ojú rẹ̀ nìkan kọ́ ló fi wò ó. Òfin ti bá a di ojú náà kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Apá dúdú gígùn tí mo fò kọjá bí àfiwé lásán wá ń yọ mí lẹ́nu. Apá ta ni? Àwọn tí wọ́n lé kúrò lójú ewé ló tún ń na apá wọlé, ní ìrísí iwin. Ìwé náà fúnra rẹ̀ mọ̀ ju Somers lọ. Ó ní nǹkan yẹn ń bínú, ó ní àwọn àjèjì ló ń ṣọ́, ó sì ní kò yára. Bí ẹlẹ́bi ṣe ń gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀ ni. Mo ti ka ojú ewé náà bí ìgbà mẹ́wàá láì gbọ́ ọ. Ẹ má fi ẹ̀rù ẹ̀dá ìtàn ṣe àwòrán ilẹ̀. Ẹ bi ẹ̀rù náà léèrè ibi tó ti wá.

Orí aṣáájú òṣèlú ló jẹ àkókò mi jù. Àwọn olùwádìí kan gbà pé Lawrence bá ẹgbẹ́ ìkọ̀kọ̀ tòótọ́ pàdé ní Sydney ní 1922, wọ́n sì ní ọ̀gágun Charles Rosenthal ló fi ya àwòrán Kangaroo. Àwọn mìíràn ta kò wọ́n. Mo kó sáàárín wọn. Oṣù márùn-ún ni mo fi ń ka ìwé ìròyìn àtijọ́, tí mò ń to orúkọ, tí mò ń fi ìlà so wọ́n mọ́ra lórí tákàdá ńlá kan. Mo ń gbádùn rẹ̀, òun ló burú níbẹ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé mò ń ṣiṣẹ́, mi ò sì kọ ìlà kan nípa ohun tí Kangaroo sọ.

Ibẹ̀ náà ni mo ti kọ ohun tó tì mí lójú jù nínú iṣẹ́ náà. Mo ní ìjọba Mussolini, apàṣẹwàá tó jẹ ní Ítálì, ni Lawrence fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn olùyẹ̀wò kàn kọ ọjọ́ méjì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Oṣù Kẹwàá 1922 ni Mussolini dórí àlééfà. Oṣù Kẹjọ ni Lawrence ti kúrò ní Ọsirélíà, tí èyí tó pọ̀ jù nínú ìwé náà sì ti wà lórí tákàdá. Ìjà láàárín àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Mussolini àti àwọn sósíálíìsì ló lè ti mọ̀, nítorí ó gbé Ítálì kó tó rìnrìn àjò. Ìjọba wọn kò tíì sí. Mo tún ti kọ pé Lawrence rí ọjọ́ iwájú, nítorí pé ní 1931 ni Eric Campbell dá ẹgbẹ́ New Guard, tó fara jọ ẹgbẹ́ Kangaroo, sílẹ̀ ní Sydney, tí ọmọ ẹgbẹ́ wọn kan, Francis de Groot, sì gun ẹṣin wá fi idà gé rìbọ́ọ̀nù níbi ìṣíde afárá Sydney ní oṣù Kẹta 1932. Ìtàn náà dùn ún sọ. Kò fi nǹkan kan hàn nípa ìwé tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ní 1923. Láti ìgbà yẹn, kí n tó kọ orí kan, mo máa ń kọ gbogbo ọjọ́ tó jẹ mọ́ ọn sórí ìwé kan ṣoṣo, mo sì máa ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú mi.

Nígbà tí mo wá jókòó ti ọ̀rọ̀ ẹnu Kangaroo, mo rí i pé ó ṣọ̀wọ́n kó sọ̀rọ̀ nípa owó orí, òfin tàbí ilẹ̀. Ìfẹ́ ló ń sọ. Ó fẹ́ gbé ẹrù ìpinnu kúrò lórí àwọn ènìyàn, kí wọ́n lè sinmi lábẹ́ rẹ̀ bí ọmọ. Àwọn tó ń gbọ́ ọ sì nílò ìsinmi. Orílẹ̀-èdè tí àwọn ènìyàn rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù márùn-ún nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀ ti sin àwọn ọmọkùnrin tó ju 60,000 lọ. Mi ò fi ojú kékeré wo ìrora yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ìfẹ́ náà ṣe níkẹyìn. Ìjà bẹ́ sílẹ̀ níbi ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n yìnbọn lu Kangaroo, Jack sì fi ọ̀pá irin pa ènìyàn, ó padà wá ń ròyìn rẹ̀ fún Somers pẹ̀lú ìdùnnú. Kangaroo ń kú lọ lórí ibùsùn, ó ń bẹ Somers pé kó sọ fún òun pé, “Mo fẹ́ràn rẹ.” Somers kò sọ ọ́.

Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn àwọn yàrá mẹ́ta náà ti ṣí fún mi. Irú ilẹ̀ wo ni ọkùnrin kan ti lè dìde kó ní òun ni bàbá gbogbo ènìyàn? Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbà pé kò ní bàbá tẹ́lẹ̀ ni. Bí igbó bá ṣófo, tí kò sí àgbà, tí kò sí ìtàn, àyè yóò wà fún ẹni tó bá fẹ́ kó o sínú ara rẹ̀. Ẹ tún wo orúkọ rẹ̀. Agbẹjọ́rò Sydney kan ń jẹ́ orúkọ ẹranko ilẹ̀ náà, bí ẹni pé inú ilẹ̀ ló ti hù. Ọ̀rọ̀ náà pàápàá, ẹnu àwọn Guugu Yimithirr ní àríwá ni àwọn ará ọkọ̀ James Cook ti gbà á ní 1770. Wọ́n gba ilẹ̀, wọ́n gba orúkọ ẹranko orí ilẹ̀, olórí sì fi orúkọ náà jẹ oyè. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí gbogbo ojú ewé láì bi í léèrè ilé.

Ó ku orí kejìlá, tí mo fò. Ìrántí ogun ni gbogbo rẹ̀, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló sì ti ṣẹlẹ̀, nítorí náà mo kà á sí àsọkún tí kò kan Ọsirélíà. Níbẹ̀ ni Somers ti rántí bí àwọn dókítà ológun ṣe bọ́ ọ sí ìhòòhò yẹ̀ ẹ́ wò, ìgbà mẹ́ta, àti bí wọ́n ṣe lé òun àti ìyàwó rẹ̀ kúrò ní Cornwall. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Lawrence gan-an ni: ọmọ Jámánì ni Frieda, oṣù Kẹwàá 1917 ni wọ́n sì lé wọn. Ohun tí mi ò kíyè sí ni ibi tí orí náà wà. Ní òpin orí tó ṣáájú rẹ̀, Kangaroo gbá Somers mọ́ àyà, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ba Somers gidigidi. Ẹ̀rù yẹn ló ṣí ìrántí náà. Ara rẹ̀ ti mọ ọwọ́ ìjọba tẹ́lẹ̀. Ọwọ́ olórí tó ń gbá a mọ́ra ní Sydney àti ọwọ́ dókítà tó yẹ ìhòòhò rẹ̀ wò, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ sí awọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fo orí kejìlá kò lè mọ ìdí tí Somers fi ń sá lọ sínú òkun ní gbogbo ìgbà tí olórí kan bá bá a sọ̀rọ̀ tán. Òkun àti igbó ni ibi ìsádi rẹ̀. Kí wọ́n tó lè jẹ́ ibi ìsádi, ó gbọ́dọ̀ gbà pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Oṣù méjì ni mi ò lè ṣí ìwé náà. Nígbà tí mo ṣí i, mo fa ìlà méjì sórí ìwé àkọsílẹ̀ mi kí ó di ọ̀nà mẹ́ta: ohun tí Somers rí, ohun tí asọ̀tàn sọ, ohun tí a mọ̀ nípa ilẹ̀ náà. Mo ń ka ìwé náà sókè ketekete, ojú ewé márùn-ún lóòjọ́, n kì í sì jẹ́ kí tíọ́rì kankan wọlé títí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò fi kún. Ọ̀nà kẹta ló sábà máa ń ṣófo. Láti kún un, mo ní láti lọ ka ìtàn tí àwọn Noongar àti àwọn ẹ̀yà yòókù kọ nípa ara wọn, èyí tó yẹ kí n ti kà ṣáájú gbogbo rẹ̀. Nǹkan kékeré kan tún wà tí ó gba ọ̀sẹ̀ kan lọ́wọ́ mi: ìparí ìwé náà kò bára mu nínú ẹ̀dà ti Lọ́ńdọ̀nù àti ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀dà méjèèjì ni mo ti ń lò pọ̀ láì mọ̀. Ẹ mú ẹ̀dà kan, ẹ dúró tì í.

Wọ́n gba iṣẹ́ náà nígbà kejì. Mo fi orí ojú ilẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi kí n tó fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Orúkọ àwọn Noongar ló ṣáájú níbẹ̀, kí Somers tó wọ inú igbó. Wọ́n pè mí lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ní àwọn ti kà á, ó dára. Wọ́n wá dákẹ́ díẹ̀.

“Àwọn onílẹ̀ yẹn, ká ní ọ̀kan nínú wọn wà nítòsí lálẹ́ ọjọ́ náà. Kí ni òun rí?”

Ìyẹn ni mò ń kọ lọ́wọ́ báyìí.